Ta Ló Sùn Níbí Lánàá?

Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má jáde.
Títì Ẹ̀pẹ́ dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò;
ewúrẹ́ nìkan ló ń rìn bó ṣe wù ú,
èmi náà sì ń rìn, káàdì lọ́rùn,
pẹ́ńsù méjì tí mo fi abẹ gbẹ́ lẹ́nu,
ṣọ́ọ̀kì, àti ìgò tàdáwà kan
tí wọ́n ní omi àti ọṣẹ ò lè rí gbé ṣe.

Ilé kìíní. Mo kọ ọ̀kan sára ògiri.
"Ẹ ǹlẹ́ o, onílé. Ta ló sùn níbí lánàá?"
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa:
ẹ má bèèrè ẹni tó ni ilé,
ẹ má bèèrè ẹni tó ń bọ̀ lọ́dún Iléyá,
ẹni tó sùn níbẹ̀ lánàá ni kí ẹ kọ.

Ìyá Síkírá ò gbójú sókè nínú èéfín,
ó ń yí ẹja lórí ààrò.
"Ọmọ mélòó, ìyá?"
"Iye tí Ọlọ́run fún mi."
"Mélòó wá niye náà?"
"Tíṣà, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni?
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Mo dojú apẹ̀rẹ̀ dé, mo jókòó lé e.
"Ẹja ńlá yìí, ta ló máa jẹ ẹ́?" "Síkírá."
"Èyí ńkọ́?" "Lásún." "Ìrù yìí?"
A ń bá a bọ̀ títí ó fi kan ti ẹ̀yìn rẹ̀:
"Èyí ò tíì léyín. Omi ọbẹ̀ ni yóò lá."
Ẹja mẹ́fà, omi ọbẹ̀ kan.
Mo kọ méje.
Ó yọjú wo ìwé mi, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Olè lo jẹ́ o, tíṣà."

Baba Jìnádù ní lọ́dún tí wọ́n bí òun
omi ọ̀sà gòkè dé ìdí àgbọn baba òun.
Àgbọn ọ̀hún ti wó. Ta ni kí n bi?
Mo kọ ọgọ́rin ọdún.
Ó ní kí n dín in kù, òun ṣì ń wá aya.

Wọ́n bu omi fún mi nílé kọkànlá.
Nílé kejìlá, ajá.

Ilé kẹtàdínlógún dojú kọ omi.
Sífáwù wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán ojú àwọ̀n tó ya.
Òun ò pòwe fún mi.
"Èmi. Ọmọ méjì. Kọ Kásálì náà sílẹ̀."
"Ṣé ó sùn níbí?"
"Orí omi ló sùn."
"Lánàá?"
Ó fa òwú, ó fi eyín já a.
"Lánàá. Níjẹta. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Mo wo ìwé. Àyè wà fún ilé onípákó,
àyè wà fún ọgbà ẹ̀wọ̀n, fún ilé ìwòsàn,
fún ẹni tó sùn lábẹ́ afárá.
Ọ̀sà ò sí níbẹ̀.
Mo kọ ọ́ láìtẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀:
Kásálì. Ọkùnrin. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Apẹja.
Sífáwù na àtàǹpàkò rẹ̀, mo kùn ún.
Mo kun tàwọn ọmọ.
Ló bá tún na àtàǹpàkò kejì:
"Kun èyí fún un. Tó bá dé, n ó sọ fún un."

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà fìka wọ́ ojú ìwé.
"Mẹ́rin nílé kẹtàdínlógún. Àtàǹpàkò mélòó lo kùn?"
"Mẹ́rin, sà."
Ó ṣí ojú ewé mìíràn.

Etí omi ni mo gbà relé.
Ọkọ̀ kan ń bọ̀, àtùpà rẹ̀ ń mì. Mo dúró.
Ọmọdékùnrin kan ni, òun àti agbọ̀n àkàn,
bíi pé kò gbọ́ ohun tí ìjọba wí.
"Tíṣà, ẹ ò tíì kà mí o."
Mo tú ìdérí ìgò.
"Níbo lo sùn lánàá?"
Ó fi àjẹ̀ júwe ẹ̀yìn ara rẹ̀,
síbi tó ti ṣókùnkùn.